Ọjọ́ Àṣà Nìkan Kò Tó: Yorùbá, Àdìrẹ àti Ìlù Nínú Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì Kíláàsì Kẹta

Ìbéèrè: Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Ọ̀gá wa ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ̀kọ́ wa yé jẹ́ aṣọ àyálò. Ohun tí a ń ṣe látẹ̀yìnwá ni Ọjọ́ Àṣà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: aṣọ òfì, ijó, àkàrà. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì gan-an. Ọmọ 28 ni mo ní. Àwọn òbí sì ti ń kùn pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yóò bàjẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ọjọ́ Àṣà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ ìwé ètò, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí tí Yorùbá fi ṣe pàtàkì. Yorùbá kàn jáde wá jó ni, ó sì padà lọ jókòó. Àwọn amúnisìn kò gba ìlù lọ́wọ́ wa, wọn ò gba aró. Ẹ dé Ọjà Ọba, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Ipò ni wọ́n gbà. Wọ́n sọ Yorùbá di èdè ilé àti ti ọjà, wọ́n wá gbé Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí ọmọ ti ń ronú nípa òǹkà, nípa ewéko, nípa ìdí tí omi fi ń hó. Ohun tí a ní láti sọ fún yín kò ju ẹyọ kan lọ, ìyókù àlàyé rẹ̀ ni: ẹ jẹ́ kí Yorùbá àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ibi tí ọmọ yóò ti kọ́kọ́ lóye nǹkan, kí Gẹ̀ẹ́sì nǹkan náà wá tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ àwọn òbí kúrò lọ́nà ná, torí bí wọn ò bá fara mọ́ ọn, ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ lè yí ohùn padà kí táàmù tó parí. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀, Ford Foundation ló fi owó tì í lẹ́yìn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ni pé ìwádìí náà kò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré rárá. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ dunjú ni wọ́n yàn fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, wọ́n sì jókòó kọ ìwé tuntun fún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́. Ilé-ìwé tó bá mú Yorùbá tí kò mú méjì yìí mọ́ ọn, kò ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́, kó má wá retí èso kan náà. Nítorí náà, ohun tí yóò fi ọkàn àwọn òbí balẹ̀ ni pé ẹ kò ní dín ìṣẹ́jú kan kù nínú pírọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ti ìjọba náà ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Èyí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Pírọ́ọ̀dù Yorùbá ṣì wà, ti iṣẹ́ ọnà ṣì wà, kò sì sí ẹni tó ní kí olùkọ́ má ṣàlàyé ohun tí kò yé ọmọ lédè tó gbọ́. Inú pírọ́ọ̀dù méjì yìí ni ẹ ó ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ náà wá lo ohun tí ọwọ́ ti ṣe. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe àtẹ iṣẹ́ kó gbé wọn tira.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni àmúlùmálà. Olùkọ́ á ní, “Ẹ jẹ́ ká add five yìí mọ́ three yẹn, kí ẹ wá write answer yín down.” Ọmọ tó gbọ́ èyí kò kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò ní Yorùbá, kò sì gbọ́ odindi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Nínú pírọ́ọ̀dù ogójì ìṣẹ́jú, ẹ fi ìṣẹ́jú 25 àkọ́kọ́ sọ Yorùbá tó pé: àròpọ̀, àyọkúrò, ìdajì, ìdá mẹ́rin, onígun mẹ́ta. Ẹ wá sọ fún wọn pé, “Ó yá, Gẹ̀ẹ́sì ló kù,” kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún péré sórí pátákó, kí wọ́n sì fi odindi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tún sọ ohun tó ti yé wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju márùn-ún lọ, wọ́n á kàn máa ké e bí orin ni.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Ibi tó yẹ kí ọmọ Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀ ni aró. Oríkì ìlú yín ló wí i: “Òṣogbo ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun.” Nínú ìtàn ìtẹ̀dó pàápàá, nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn gé igi tó wó sínú odò, ohun tí ohùn inú omi ń ké ni pé, “Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán.” Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, àdìrẹ, sórí pátákó, kí ẹ là á níṣojú wọn: dì, rẹ. Iṣẹ́ méjì tí wọn yóò ṣe ti wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìkòkò aró wá sí kíláàsì o. Aró tí ọ̀pọ̀ ń lò lónìí, kọ́sítíìkì àti haidírósì ni wọ́n fi ń pò ó. Kọ́sítíìkì ń bó ènìyàn lára, ó lè fọ́ ojú. Òórùn haidírósì ń dí ọ̀fun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní nǹkan ṣe nídìí rẹ̀. Ata ilẹ̀ pupa, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní turmeric, ni kí ẹ lò, èyí tó ń mú ọbẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Kò ní májèlé, ó wà lọ́jà, ẹ ó sì rí i níwájú pé ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ju aró lọ.

Ẹ ra aṣọ òwú funfun yáàdì mẹ́rin, èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 45. Kí ó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Tẹtirọ́ọ̀nù kì í mu àwọ̀ yìí dáadáa. Yáàdì kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 91, ó fẹ̀ ní 114. Bí a bá fẹ́ gé e sí onígun mẹ́rin ọgbọọgba, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta á wọ̀ ní gígùn, mẹ́ta á wọ̀ ní fífẹ̀: mẹ́sàn-án. Yáàdì mẹ́rin á mú 36 wá. Ọmọ 28, mẹ́jọ ṣẹ́kù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, kí àwọn ọmọ ti ṣírò èyí fúnra wọn lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹni tó bá sọ pé 91 àti 114 kì í ṣe mẹ́ta-mẹ́ta géérégé, pé aṣọ díẹ̀ á ṣẹ́kù létí, ẹ yìn ín, òun ló ń ronú.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ náà. Sítáàṣì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kì í jẹ́ kí àwọ̀ wọlé. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, àwọ̀ á kàn dúró lórí aṣọ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ẹ yọ́ álọ́ọ̀mù ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sínú omi lítà mẹ́wàá, ẹ kó aṣọ sí i, kí iná rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba fún wákàtí kan, kí aṣọ sì sùn sínú rẹ̀ di àárọ̀. Álọ́ọ̀mù ló ń di àwọ̀ mú lára òwú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ se ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ gíráàmù 200 nínú omi lítà mẹ́wàá mìíràn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá sẹ́ ẹ, èérún rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ ní tótòtó, ọmọ á sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára. Ẹ̀yin tàbí ẹni tó ń dáná nílé-ìwé ni kó ṣe gbogbo èyí. Kò sí ọmọ kan nídìí iná.

Dídì ni ti àwọn ọmọ, ibẹ̀ sì ni ìṣirò wà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, kó ká a sí méjì. “Mélòó ni ìpele aṣọ báyìí?” Méjì; ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tún un ká: mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹta: mẹ́jọ. Ẹ má sọ fún wọn pé ó ń di ìlọ́po méjì. Ẹ kọ 2, 4, 8 sórí pátákó, kí ẹ béèrè ohun tó kàn. Wọ́n á pariwo rẹ̀. Kí wọ́n wá fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sí àárín aṣọ tí wọ́n ti ká, kí wọ́n fi ìko dì í ní ìyípo méje tàbí mẹ́jọ. Kí aṣọ tó lọ sínú àwọ̀, kí ọmọ kọ iye òbírí tó máa rí nígbà tó bá tú u sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ tó ká a lẹ́ẹ̀mẹta tó dì í lójú kan, òbírí mẹ́jọ ni. Ọmọ tó dì í lójú méjì ńkọ́? Ẹ má dáhùn fún un.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyí. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò tí ì lágbára, ìko rẹ̀ kì í fún. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan di aṣọ mú, kí èkejì máa yí ìko. Ẹ fi èékánná ti ìko náà. Bó bá ń sún, kí wọ́n tú u dì. Ẹ rẹ ìko sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lò ó, torí ìko gbígbẹ máa ń já. Kí aṣọ tí wọ́n dì kọ́kọ́ mu omi lásán kí ó tó wọ inú àwọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ á gba ojú ibi tí ìko wà wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú nínú àwọ̀ gbígbóná tó. Àgbàlagbà ni kó gé ìko lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tó ń kánjú á gé aṣọ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ́ sì rí ọmọ alágídí kan tó ká tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìpele 16. Àwọ̀ tirẹ̀ á ki lẹ́yìn, àmọ́ á máa lọ sí funfun nínú. Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fi han gbogbo kíláàsì, kí wọ́n sọ ìdí tí àwọ̀ kò fi dé ìpele àárín.

Lẹ́yìn èyí ni sáyẹ́ǹsì. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù, èyí tí ẹ ti pa ní àwọ̀ láìdì í. Ẹ bu eérú igi sínú omi, kí ó sùn, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀ tó tòrò. Ẹ kán an sórí aṣọ: ibẹ̀ á pọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ aṣọ. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e: ó padà di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ fi ọṣẹ pa ibòmíràn: ó tún pọ́n. Kí wọ́n tó àwọn nǹkan inú ilé sí ọ̀nà méjì, àwọn tó ń mú un pọ́n àti àwọn tí kì í mú un pọ́n. Omi eérú àti ọṣẹ wà ní apá kan, ọsàn àti omi ògì kíkan ní apá kejì. Ọmọ ti lóye ohun tí ìwé sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé girama yóò fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, acid àti base, pè lọ́jọ́ iwájú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn òbí pẹ̀lú, kí ìyá kan má fi ọṣẹ fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ kó wá ní ilé-ìwé fi ayédèrú àwọ̀ tan òun jẹ.

Bí èyí bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ wá kó wọn lọ wo aláró tó ṣì ń fi èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ṣiṣẹ́, tàbí Nike Centre ní Òṣogbo, tó ti ń kọ́ni ní àdìrẹ láti 1983. Kí wọ́n dúró níwájú ìkòkò nígbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ jáde. Aṣọ yẹn kì í jáde ní búlúù. Ó máa ń jáde ní àwọ̀ ewé tó rẹ̀, níṣojú wọn ni afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di búlúù. Kí ẹ tó lọ, ẹ fún wọn ní ìbéèrè kan tí wọn yóò bi aláró: kí ló dé tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ṣeé ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa wa? Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sára aṣọ. Omi gbígbóná máa ń yọ́ ọ. Aró èlú tútù ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ fi ń dúró nínú rẹ̀. Àwọ̀ tiwa gbígbóná ni, oníko nìkan ló lè bá a lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti jáde, ẹ lè sọ fún wọn nípa Mbárí Mbáyọ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti ayàwòrán tí Dúró Ládiípọ̀ àti òyìnbó kan, Ulli Beier, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, níbi tí àwọn bíi Jímọ̀ Bùráímọ̀, Twins Seven Seven àti Rufus Ògúndélé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán. Àwọn kan ń jiyàn títí dòní pé òyìnbó ló tọ́ka ohun tó wù ú fún wọn. Àríyànjiyàn yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ kíláàsì kẹta kọ́. Èyí tó máa dùn mọ́ wọn ni orúkọ náà: Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n ní “m̀bá rí, m̀bá yọ̀” ni. Wọ́n sọ ọ́ di tiwọn.

Òǹkà ló tún gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń túmọ̀ òǹkà Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò rí i pé ọ̀nà tí Yorùbá fi ń kà yàtọ̀. Ogún ni ìpìlẹ̀ wa: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, àádọ́rin jẹ́ ọgọ́rin tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Lórí mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, a ń fi mẹ́rin àkọ́kọ́ lé e, a sì ń yọ láti orí márùn-ún: 21 sí 24 jẹ́ lélógún, 25 sí 29 jẹ́ dínlọ́gbọ̀n. Àròpọ̀ àti àyọkúrò wà nínú orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìtumọ̀ “lé” àti “dín” ti mọ àmì ìṣirò méjì kí ó tó mọ bí a ṣe ń kọ wọ́n.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méje, mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ekùrọ́ tàbí ìdérí ìgò ọgọ́ta, páálí kékeré méjì tí ẹ kọ LÉ sí ọ̀kan, DÍN sí èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má kọjá ogún. Kí wọ́n to ogún sílẹ̀, kí wọ́n yọ mẹ́rin, kí wọ́n ka èyí tó kù, kí wọ́n wá sọ orúkọ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀: mẹ́rin-dín-lógún. Àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìmọ̀ pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lọ sí ogún-ogún nìkan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn àádọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ẹ ó rí dájú. Ẹ pe mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọmọ á kọ 54. Ó gbọ́ mẹ́rin, ó gbọ́ àádọ́ta, ó so wọ́n pọ̀. Bíbá a wí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ bi í pé, “Ṣé a ti dé àádọ́ta?” Kó wo ekùrọ́ rẹ̀. “A ò tí ì dé ibẹ̀.” “Ọ̀pọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá tó pé, mélòó ló wà nílẹ̀?” “Mẹ́rin.” Mẹ́rin ló máa kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹnikẹ́ni má kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yìí: “àádọ́ta, yọ mẹ́rin.”

Ẹ má kọjá igba pẹ̀lú òǹkà àtijọ́ ní kíláàsì kẹta. Fún owó àti ọdún, ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ọjà Olúòdé. Àwọn tó ní kí a mú ẹgbàá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin padà tipátipá ń fi ìfẹ́ èdè dá ọmọ lóró. Àmọ́ ẹ lè fi owó ẹyọ ṣeré pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ Ẹtì kan: ogójì ẹyọ nínú okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ mélòó? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ńkọ́? Inú wọn á dùn láti bá mílíọ̀nù kan pàdé níbi tí wọn ò retí rẹ̀.

Ìlù, àmì ohùn ni kí ẹ fi kọ́. Ẹ wá gángan kan; ìyáàlù ti tóbi jù fún ejìká ọmọ, gúdúgúdú kò sì lè sọ̀rọ̀ torí kò ní ọsán tí a lè fún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹ lu re-mí, kí ẹ fọwọ́ kan orí: orí. Re-mí, ojú. Re-mí, etí. Imú, eyín, apá, ọwọ́: re-mí ni gbogbo wọn. Wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá dé ẹnu, tó jẹ́ re-re, àti ẹsẹ̀, tó jẹ́ re-dò. Ẹ kọ wọ́n sórí pátákó láìsí àmì, kí ọmọ fi àmì sí i bí ìlù ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìgbà, ìgbá, igbá, igbà àti igba, kí ẹ lu ọ̀kan, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sókè. Ní òpin táàmù, ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ orúkọ kan tí fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, tí ohùn òkè wà lórí fáwẹ́lì náà. Wọn ò ní rí i. Kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìgbà tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ bá òfin yìí pàdé ni ó tó mọ̀ pé èdè òun ní òfin.

Àmì ohùn tó bá wà nínú ìwé àwọn ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wà lórí pátákó yín náà. Bí olùkọ́ bá ń kọ “ọkọ” lásán, tó ní kí ọmọ mọ èyí tó jẹ́ ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọkọ, ọmọ á gbà pé ọ̀ṣọ́ ni àmì. Tí ẹ bá pe onílù kan wá láti ìdílé àyàn, lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù, ẹ sanwó iṣẹ́ fún un bí ẹ ṣe ń san ti olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó sórí àga olùkọ́. Ẹ má ná an lówó níwájú ọmọ bí ẹni wà lóde àríyá. Ipò rẹ̀ ni ẹ ń kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn máa yọjú, ẹ má sá fún un. Òbí Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì lè bi yín bóyá òrìṣà ni ẹ ń kọ́ ọmọ àwọn. Ẹ fi iṣẹ́ hàn wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òbírí tí ìko ṣe nìkan ni yóò wà lára aṣọ. Tí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, kí òbí kọ̀wé fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn tó dáa nílé-ìwé. Ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2005 ni ẹ ń kó wọn lọ, hẹ́kítà 75 igbó tí wọn kì í pẹja tàbí dọdẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa igi àti ẹranko nìkan ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nílé, ẹ má kó wọn jọ sí igun kan. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ọmọ mẹ́ta tó gbọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló máa kọ́ wọn. Ọmọ tó ń yí ìko mọ “fà á le” kí ọjọ́ náà tó parí. Kí wọ́n tún sọ bí wọ́n ṣe ń ka ogún àti ogójì lédè ilé wọn, torí òǹkà àtijọ́ Ìgbò náà ń lọ ní ogún-ogún.

Ìdánwò yín gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ mu o. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọ́ wọn báyìí, tí ẹ wá fi ìbéèrè A, B, C, D lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán wọn wò, máàkì wọn á lọ sílẹ̀, gbogbo àwọn tí kò fẹ́ ẹ á sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kí ìdajì máàkì wá látinú ohun tí ọmọ ṣe àti ohun tó sọ nípa rẹ̀.

Nínú aṣọ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù, ẹ ti lo ọ̀kan fún omi eérú àti ọsàn. Ẹ tọ́jú mẹ́ta fún ọmọ tí tirẹ̀ bá ya. Ẹ ká méjì sínú dúróà, ẹ so méjì mọ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wà ní fèrèsé á ti ṣá, torí àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa kì í pẹ́ nínú oòrùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé: ohun tó rí, ohun tó rò pé ó fà á, àti bó ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ kó ìwé náà fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì; ibẹ̀ ni kí pírọ́ọ̀dù tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.